Àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń ka òun

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta títí dé òpin oṣù karùn-ún, àwọn èèyàn kan máa ń dúró sí etí Adágún Ontario ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n á gbé ojú sókè láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àṣá ni wọ́n ń kà, àti idì, àti igún, gbogbo ẹyẹ apẹran tó ń padà sí àríwá lẹ́yìn ìgbà òtútù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kà yìí ò gba kọ́bọ̀. Òwe wa sọ pé àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Ti ibẹ̀ yẹn tún ju wíwò lọ: wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé, wákàtí kan lẹ́yìn òmíràn.

Ibi méjì ló lórúkọ jù ní etí gúúsù adágún yẹn. Ọ̀kan ni Braddock Bay, lẹ́bàá Rochester. Èkejì ni Derby Hill, òkè kékeré kan ní igun gúúsù-ìlà-oòrùn adágún náà, nítòsí Mexico (ìlú kékeré kan ni o, kì í ṣe orílẹ̀-èdè). Ẹgbẹ́ Onondaga Audubon, àwọn olùtọ́jú ẹyẹ ní agbègbè náà, ló ni Derby Hill. Bí a bá pín iye ọdún púpọ̀ dọ́gba, nǹkan bí 40,000 ẹyẹ ni wọ́n ń kà níbẹ̀ ní ìgbà ìrúwé kan.

Ẹni tó bá rò pé ojú tó mú ni gbogbo iṣẹ́ náà, kò tíì mọ ibi tí iṣẹ́ wà. Ojú ń ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "a rí àṣá púpọ̀ lónìí" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àṣá mélòó? Irú wo? Láàárín aago mélòó sí mélòó? Afẹ́fẹ́ ń ti ibo fẹ́? Ẹni mélòó ló ń wò? Bí a ò bá rí ìdáhùn ìwọ̀nyí nínú ìwé, iye tó wà níbẹ̀ kò ṣeé gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ti èṣí.

Adágún ló ń kó wọn jọ

Àṣá tó fẹ̀ lápá kì í ná agbára rẹ̀ ní ìnákúnàá. Oòrùn á kọ́kọ́ mú ilẹ̀ gbóná, pàápàá oko tí wọ́n ti tú àti ọ̀nà ọlọ́dà. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ náà á fúyẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè bí èéfín ààrò. Ẹyẹ á wọ inú rẹ̀, á na apá, á máa yí po títí yóò fi ga. Tó bá ga tó, á yọ́ jáde, á máa yọ̀ lọ síwájú láìlu apá, títí yóò fi bá ibòmíràn tí afẹ́fẹ́ ti ń ru. Báyìí ni àṣá apá gbòòrò, Broad-winged Hawk, ṣe ń ti Gúúsù Amẹ́ríkà dé Kánádà, ẹyẹ tó jẹ́ pé agbára káká ni yóò fi wúwo tó ìdajì kílò.

Omi kò gbóná bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ti ń móoru ní oṣù kẹrin, Ontario ṣì tutù bí omi inú fíríìjì, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ kò sì ru. Adágún náà gùn ní 311 kìlómítà, níbi tó ti fẹ̀ jù ó tó 85 kìlómítà. Àṣá tó bá gba orí rẹ̀ kọjá yóò lu apá láti etí kan dé èkejì, kò sì sí ibi ìsinmi. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti gúúsù dé etí omi, wọ́n á yà sí ìlà-oòrùn, wọ́n á máa tọ etí omi náà lọ títí wọn yóò fi dé igun rẹ̀, kí wọ́n tó kọjú sí àríwá padà. Derby Hill ló wà ní igun yẹn. Ó dà bí ẹnu àrọ: ohun tí wọ́n dà láti ibi gbígbòòrò, ojú kan ló ń gbà jáde. Àwọn ẹyẹ apẹran bíi Osprey tó ń pẹja, Harrier àti Peregrine, tí wọ́n lágbára nínú apá lílù, kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù omi. Àwọn kan nínú wọn á gba orí adágún lọ tààrà, a ò sì ní rí wọn kà.

Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kí ẹ tó wo ojú ọ̀run. Afẹ́fẹ́ gúúsù tàbí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀rẹ́ wa. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá: ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti wo ẹyẹ dáadáa. Ọjọ́ tó dára jù ni ọjọ́ tí bàrómítà, ẹ̀rọ tí ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́, ń lọ sílẹ̀, tí ojú ọjọ́ ń móoru, tí òjò ṣì wà ní apá ìwọ̀-oòrùn tí kò tíì dé. Afẹ́fẹ́ gúúsù á ti àwọn ẹyẹ náà títí dé etí omi, wọ́n á sì há sí ojú ọ̀nà tóóró kan. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ibi ìwòran apá àríwá ní Derby Hill, èyí tó wà lórí bèbè adágún gan-an, ni kí ẹ dúró sí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti àríwá wá, wọn kì í sún mọ́ omi. Ẹ lọ sí ibi ìwòran ti gúúsù, kí ẹ má sì retí púpọ̀.

Ohun kan wà tó máa ń tan àwọn tuntun jẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn mú, ilẹ̀ á gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ tútù á bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí adágún wọ inú ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dúró sí etí omi á kàn rí i pé ẹyẹ dáwọ́ dúró lójijì ní nǹkan bí aago 1. Ẹlòmíràn á ní ó parí, á kó ẹrù rẹ̀. Kò parí. Ojú ọ̀nà wọn ló ti sún kìlómítà mélòó kan sí gúúsù. Ẹ yíjú padà, ẹ wo ẹ̀yìn yín, ní orí igi tó jìnnà jù, tàbí kí ẹ yára lọ sí ibi ìwòran kejì, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ sún.

Ta ló ń bọ̀, nígbà wo

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, yìnyín ṣì wà nílẹ̀. Àṣá onírù pupa, Red-tailed Hawk, ló máa ń ṣíwájú, pẹ̀lú àṣá èjìká pupa, Red-shouldered Hawk, àti Bald Eagle, idì olórí funfun. Igún á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ bí oṣù náà ṣe ń parí lọ, Golden Eagle náà á sì máa yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù kẹrin ló ní Osprey, Harrier, àti àṣá kéékèèké méjì, Kestrel àti Sharp-shinned Hawk. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ni ọjọ́ àṣá apá gbòòrò. Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́ta péré láti fi ran ibùdó kan lọ́wọ́ lọ́dún, ẹ kó o síbẹ̀. Gbogbo wọn lè kọjá tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní April 27, 2011, ju 40,000 ẹyẹ ni wọ́n kà ní Braddock Bay ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àṣá apá gbòòrò sì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó gba ìsinmi lọ́jọ́ yẹn á máa gbọ́ ọ títí ayé.

Ẹ má wá àwọ̀

Ẹyẹ tó wà ní mítà 600 sókè, tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, dúdú ni gbogbo wọn. Ìrísí rẹ̀, bí ó ṣe na apá, bí ó ṣe ń lù ú, ló ń sọ orúkọ rẹ̀.

Turkey Vulture, igún olórí pupa ti Amẹ́ríkà, á gbé apá sókè bí lẹ́tà V, á máa mì láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì bí ọ̀mùtí. Bald Eagle á na tirẹ̀ gbọọrọ bí pákó, kò ní mì. Golden Eagle wà láàárín àwọn méjèèjì: ó gbé apá díẹ̀, ó dúró ṣinṣin, orí rẹ̀ sì kéré sí ti Bald Eagle. Osprey á ṣẹ́ apá níbi oríkèé, tí ẹ bá wò ó láti iwájú á dà bí lẹ́tà M. Harrier gùn nírù, ó gbé apá bí V, funfun bàlà wà ní ìdí ìrù rẹ̀.

Fún àṣá onírù pupa, ẹ má dúró de ìrù pupa. Ọmọ ọdún kan kò tíì ní in, ìrù àgbà náà kì í sì í hàn pupa bí ẹ bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀ lójú ọjọ́ tó ṣú. Etí iwájú apá ni kí ẹ wò: ìlà dúdú kan wà níbẹ̀, láti ẹ̀bá ọrùn dé oríkèé apá. Kò sí àṣá mìíràn lójú ọ̀nà yẹn tó ní in. Àṣá èjìká pupa ní tirẹ̀ ní àmì bí oṣù tuntun ní ẹ̀bá ṣóńṣó apá méjèèjì, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba inú ìyẹ́ kọjá. Àṣá apá gbòòrò tó dàgbà funfun lábẹ́ apá, dúdú sì yí etí rẹ̀ po bí ẹni fi tìróò fa ìlà, ìrù rẹ̀ ní ọ̀já dúdú àti funfun tó fẹ̀.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ́ ni Sharp-shinned àti Cooper's Hawk. Ìwé ń sọ pé ọ̀kan kéré, èkejì tóbi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀pá tí a fi ń wọn ẹyẹ lófuurufú, abo nínú Sharp-shinned sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó akọ nínú Cooper's. Ẹ wo orí: ti Cooper's yọ síwájú apá kedere, ti Sharp-shinned fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọjá oríkèé apá. Ẹ wo ìrù: ti Cooper's gùn, ó ṣe roboto lẹ́nu, ti Sharp-shinned dà bí ohun tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé. Ẹ wo apá lílù: bí ẹ bá lè ka iye ìgbà tó lù ú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Cooper's. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá yanjú ẹ̀, ẹ kọ UA, kí ẹ lọ bá ẹyẹ tó kàn.

UA yẹn ni àmì fún ẹyẹ tí a mọ̀ pé ìdílé Sharp-shinned àti Cooper's ló ti wá, tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ gan-an. UB wà fún ìdílé àṣá onírù pupa àti àṣá apá gbòòrò, UF fún ìdílé Peregrine àti Kestrel, UE fún idì, UR fún èyí tí a ò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ju pé ẹyẹ apẹran ni lọ. Ojú máa ń ti àwọn tuntun láti kọ wọ́n. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí kò ní UR kankan láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún, èmi kì í gbà á gbọ́. Ẹnìkan ti ń méfò níbẹ̀.

Bí a ṣe ń ka agbo

Bí àṣá apá gbòòrò bá bá afẹ́fẹ́ tó ń ru, wọ́n á pọ̀ sínú rẹ̀, gbogbo wọn á máa yí po bí agbo ijó. Ó lè jẹ́ 20, ó lè ju 500 lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ ẹni á fẹ́ ṣe ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ má kà. Inú agbo kò ṣeé kà: ẹyẹ kan á gba iwájú èkejì, àwọn kan ń wọlé nísàlẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń jáde lókè, ẹni tó bá sì kà á nígbà mẹ́ta á rí iye mẹ́ta.

Ẹ dúró. Àwọn tó ga jù á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, apá wọn á fà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ lójú ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni. Ẹ mú àmì kan tí kò lè sún: orí igi kan, òpó iná, ilé ìṣọ́. Àwọsánmà kì í ṣe àmì, nítorí ó ń rìn. Ẹyẹ tó bá ré àmì náà kọjá ni kí ẹ tẹ̀ sórí kílíkà, ẹ̀rọ ìkàyè kékeré tí à ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ ju bí àtàǹpàkò ṣe lè yá tó, ẹ fi ojú wọn 10 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ mọ bí 10 ṣe fẹ̀ tó nínú bainọkúlà, kí ẹ wá máa sún ní 10, 10. Ẹ má fo lọ sí 100 àyàfi tí ọ̀run bá fẹ́ ya. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé àfojúbù ni. Àfojúbù lórí agbo ńlá sábà máa ń kéré sí iye gan-an.

Kílíkà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n kàn mọ́ pátákó kan, tí a lẹ orúkọ ẹyẹ mọ́ lára, dára ju ọ̀kan nínú àpò lọ. Ẹyẹ tó wọ́pọ̀ lọ́jọ́ náà nìkan ni kí ẹ fi kílíkà kà. Èyí tó ń dá kọjá, kíákíá ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ fún irú ẹyẹ kan. Òfin yìí ni wọ́n ń rú jù. Tí ẹni méjì bá ń ka àṣá apá gbòòrò, tí ọ̀kan wo ìlà-oòrùn, tí èkejì wo ìwọ̀-oòrùn, agbo tó kọjá láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ èkejì á di ẹ̀ẹ̀mejì. Kí àwọn yòókù máa wá ẹyẹ, kí wọ́n máa pe ibi tó wà: "lókè ilé aláwọ̀ ewé, ìka mẹ́ta sí ọ̀tún, ń lọ sí òsì." Igbe "òun nìyẹn! òun nìyẹn!" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ojú ọ̀run tó mọ́ jù ló le jù

Àwọn àlejò máa ń yọ̀ tí ojú ọ̀run bá mọ́ gaara. Àwa kì í yọ̀. Lójú ọ̀run tí kò ní àwọsánmà kankan, ojú kò rí ohun tó máa gbájú mọ́, á fà padà bí ẹni ń wo nǹkan tó wà ní mítà díẹ̀ síwájú, àṣá tó ga á sì ti iwájú rẹ̀ kọjá láìrí i. Ẹ máa wo igi tó jìnnà tàbí etí òṣùpá ọ̀sán ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ojú lè padà sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ kọ́kọ́ fi bainọkúlà wo ohun tó jìnnà, ẹ yí i títí yóò fi mọ́, kí ẹ tó gbé e sókè; bí ẹ bá yí i sórí nǹkan tó sún mọ́ yín, ọ̀run á ṣófo. Àwọn èérí kéékèèké tó ń léfòó nínú ojú ẹni náà máa ń di àṣá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ mi orí: bí "àṣá" náà bá bá ojú yín rìn, kì í ṣe ẹyẹ.

Ẹ kọ́kọ́ fi ojú lásán wo gbogbo etí ọ̀run, ẹ wá fi bainọkúlà gbá a láti òsì sí ọ̀tún, ẹ gbé e sókè díẹ̀, ẹ gbá a padà, kí ìlà kan gun orí ìlà kejì díẹ̀. Bainọkúlà 8x42 tàbí 10x42 ti tó. Tẹ́lískóòpù wà fún mímọ irú ẹyẹ, kì í ṣe fún wíwá a; ojú rẹ̀ tóóró jù.

Ìwé wákàtí

Ìwé tí ẹgbẹ́ Hawk Migration Association ń lò, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ka ẹyẹ apẹran, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1974, pín ọjọ́ sí wákàtí. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye irú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi wò, iye ẹni tó ń wá ẹyẹ gan-an (ẹni tó ń mu kọfí kò sí nínú rẹ̀), ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá àti bó ṣe le tó, bí ooru ṣe tó, bí àwọsánmà ṣe bo ọ̀run tó nínú ọgọ́rùn-ún, ibi tí ojú lè rí dé ní kìlómítà, ibi tí ẹyẹ ń kọjú sí, àti bí wọ́n ṣe ga tó.

Gíga yẹn ní nọ́ńbà. 0 ni ẹyẹ tó wà nísàlẹ̀ ojú yín. 1 bẹ̀rẹ̀ láti ojú dé nǹkan bí 30 mítà. 2 ni èyí tí ojú lásán rí láìlàágùn. 3 ni ibi tí ojú lásán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i mọ́. 4 ni èyí tó ti kọjá agbára ojú lásán tí bainọkúlà ṣì ń rí. 5 ni ibi tí bainọkúlà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù rẹ̀, 6 sì ni ti tẹ́lískóòpù nìkan. 7 wà fún wákàtí tí wọ́n fọ́nká sí gbogbo ibi. Má fojú di nọ́ńbà yìí: wákàtí tó ní 5 tàbí 6 ń sọ fún ẹni tó máa kà á lẹ́yìn ọ̀la pé ọ̀pọ̀ ẹyẹ lè ti kọjá láìrí.

Aago Amẹ́ríkà máa ń sún síwájú ní wákàtí 1 ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta. Ìwé kíkà kì í sún. Aago àtijọ́ ni à ń lò títí dé òpin, nítorí oòrùn ni ẹyẹ ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ìjọba. Lọ́dọọdún, ẹnìkan á gbàgbé, gbogbo ìwé ọ̀sẹ̀ kan á sì fi wákàtí kan yẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí orí pátákó kílíkà ní lẹ́tà gàdàgbà, tàbí kí ẹ gbé aago ọwọ́ kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní yí.

Èyí tí kò yẹ kí ẹ kà náà ń fẹ́ ìfòyemọ̀. Osprey tó gbé igi lọ́wọ́, ìtẹ́ ló ń kọ́, ará àdúgbò ni. Àṣá onírù pupa tó ń ju ara rẹ̀ sísàlẹ̀, tó tún ń ga, tó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ìyàwó ló ń wá. Igún tó ń yí po lórí oko kan náà láti àárọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹyẹ arìnrìn-àjò gan-an kì í wolẹ̀. Ó dojú kọ ibì kan, ó sì ń lọ. Bí ẹgbẹ́ kan bá kọjá tó tún padà wá, ẹ yọ iye wọn kúrò. Òfin yòówù kí ibùdó kan yàn lórí èyí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má yí i padà lọ́dún tó kàn.

Àlejò ńkọ́? Ẹ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnìkan tí kì í kà lọ́jọ́ yẹn máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ìbéèrè ìṣẹ́jú méjì lè gbé agbo 60 kọjá lórí ẹni tó ń kà.

Ohun tí iye ń sọ, àti ohun tí kò sọ

Ní Pẹnsilfáníà, àwọn ọlọ́dẹ máa ń gun orí òkè kan lọ yìnbọn pa àṣá lọ́pọ̀ yanturu nígbà ìwọ́wé. Ní 1934, Rosalie Edge, obìnrin kan tó ń jà fún ààbò ẹyẹ, gba òkè náà, ó sì fi Maurice Broun síbẹ̀ láti ṣọ́ ọ. Broun kò fi mọ sórí ṣíṣọ́, ó tún ń kà. Ibẹ̀ ló di Hawk Mountain. Lẹ́yìn ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé wọn fi hàn pé ọmọ Bald Eagle tó ń kọjá ti ń dín kù gidigidi ní ìfiwéra pẹ̀lú àgbà. Àwọn àgbà ṣì wà, ṣùgbọ́n wọn ò bímọ mọ́. Oògùn DDT tí wọ́n ń fọ́n sí oko ló ń mú èèpo ẹyin wọn fẹ́lẹ́. Amẹ́ríkà fòfin dè é ní 1972, idì náà sì ti padà pọ̀. Ìdí nìyí tí à ń kọ ọ̀dọ́ àti àgbà sọ́tọ̀ níbikíbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ká ní Broun kọ "idì" lásán ni, kò sí ohun tí ìwé náà ìbá sọ.

Ṣùgbọ́n kí iye dín kù kò túmọ̀ sí pé ẹyẹ ń kú. Àṣá onírù pupa ń dín kù ní ibùdó púpọ̀ ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, síbẹ̀ wọ́n ń pọ̀ sí i nínú ìwé àwọn tó ń ka ẹyẹ ní àríwá nígbà òtútù. Òtútù kò fi bẹ́ẹ̀ mú mọ́, wọn ò sì rìn jìnnà bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà wọn ò kọjá lórí wa. Ti Kestrel yàtọ̀: òun ń dín kù ní ibi púpọ̀ ní tòótọ́, àwọn onímọ̀ sì ṣì ń jà lórí ìdí rẹ̀.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwòdì tó ń gbé òròmọdìẹ nílé máa ń bá ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí òjò bá sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ á gba àríwá lọ. Lékeléke náà mọ ọ̀nà yẹn. Honey Buzzard, àṣá tó ń tú ilé agbọ́n tó ń jẹ ọmọ inú rẹ̀, máa ń lo ìgbà òtútù Yúróòpù nínú igbó kìjikìji Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kó tó gba aṣálẹ̀ àti òkun padà ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún. Àwọn kan gba Gibraltar, àwọn kan gba erékùṣù Sísílì ní Ítálì, níbi omi tóóró ti Messina. Ní Messina yìí, àwọn ọkùnrin ìgbà kan gbà pé ẹni tí kò bá yìnbọn pa ọ̀kan lọ́dún, ìyàwó rẹ̀ á yan àlè. Anna Giordano, ọ̀dọ́mọbìnrin ará ibẹ̀, kojú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó kó àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn jọ, wọ́n ń ṣọ́ wọ́n sì ń kà. Ní 1998 ó gba ẹ̀bùn Goldman, ti àwọn tó ń jà fún ààbò àyíká. Ọ̀nà kíkà kan náà ni wọ́n ń lò níbẹ̀: agbo, àmì, kílíkà, ìwé.

Ti ẹrù kò gùn. Aṣọ òtútù tó fi méjì ju bí ẹ ṣe rò lọ fún oṣù kẹta, nítorí ẹni tó dúró sójú kan kì í gbóná, àga tó ní ibi ìfẹ̀yìntì, kí ọrùn má baà gan, fìlà tó ní ìbòjú, ìpara oòrùn, pẹ́ńsù lẹ́ẹ̀dì, nítorí yíǹkì bírò máa ń dì nínú òtútù.

Ní ìparí oṣù karùn-ún, àṣá apá gbòòrò ọmọ ọdún kan ló kù jù, tí ìyẹ́ apá wọn ti já síbì kan síbì kan, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ bí ẹni tí kò ní ibi pàtó láti dé. Ẹ óò máa yọ wọ́n kúrò bí ẹ ṣe ń kọ wọ́n sí i. Wákàtí tó kẹ́yìn lè wá jẹ́ igún kan péré, tàbí kó má sí nǹkan kan. Ẹ kọ 0 sí àyè irú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ àti àwọsánmà rẹ̀. Ẹ má fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo, nítorí ẹni tó bá rí òfìfo lẹ́yìn ọdún 20 kò ní mọ̀ bóyá ẹyẹ ni kò wá, tàbí ẹ̀yin ni ẹ ti lọ sílé.